Láti Àáké Ọlọ́wẹ̀ Dé Dríìlì Oníná: Kí Ni Káfíńtà Èkìtì Ń Rà?

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan láti ààfin Ògòga ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ibùgbé, ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí British Museum fẹ́ gba ilẹ̀kùn náà, Ògòga kò gba owó. Àga oyè tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ni Ọlọ́wẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, bí èèkù rẹ̀ bá ṣẹ́, kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀, ní ìgbà ayé Ọlọ́wẹ̀ kan náà ni irinṣẹ́ oníná ti ń jáde lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ Fein ní Stuttgart, ní Jámánì, ṣe dríìlì oníná àfọwọ́mú ní 1895. Ní 1917, Black & Decker ti Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí dríìlì tó ní ìdìmú bíi ti ìbọn, èyí tí ọ̀pọ̀ dríìlì òde òní ṣì ń fara wé. DeWalt bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ọdún ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ gan-an; Black & Decker sì rà á ní 1960. Makita ti Japan, tó wà láti 1915, gbé ẹ̀rọ ìfági oníná jáde ní 1958.

Lónìí, káfíńtà Adó-Èkìtì mọ orúkọ wọ̀nyí dáadáa. Àmọ́ owó wọn máa ń lé ni padà, ni àwọn kan fi ń ra Ingco tó ti Ṣáínà wá, tí àwọn mìíràn sì ń ra tòkunbọ̀. Ibi tí ewu wà nìyẹn. Iná 230 volt ni Nàìjíríà ń lò. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, irinṣẹ́ ibi ìkọ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sábà máa ń jẹ́ 110. Ẹni tó bá ki irú rẹ̀ bọ iná Adó láìlo tiransifọ́mà, èéfín ni yóò rí.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, títan jẹnẹrétọ̀ láti fi gé pákó ti di ìnáwó ńlá. Èyí ni irinṣẹ́ oníbátìrì fi wúlò: a lè gba iná sí i nígbà tí iná bá dé, kí a sì fi ṣiṣẹ́ nígbà tó bá lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì Makita kì í wọ DeWalt. Orúkọ tí ènìyàn bá kọ́kọ́ rà ni yóò máa bá lọ.

Nítorí náà, kí oníṣẹ́ tó béèrè orúkọ, kó béèrè ohun mẹ́ta: volt mélòó ni? Ta ní ń ta káábọ̀n àti bátìrì rẹ̀ nítòsí? Ta ló lè tú u palẹ̀ kó sì tún un tò? Ọlọ́wẹ̀ mọ alágbẹ̀dẹ rẹ̀. Irinṣẹ́ tí kò ní alágbẹ̀dẹ nítòsí, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni iṣẹ́ olówó rẹ̀ dúró.