Àyè Tí Géèmù Ń Gbà: Láti 40 KB dé 100 GB

Àyè ìpamọ́ ni ibi tí kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí ẹ̀rọ géèmù ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Géèmù, fọ́tò, orin àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. KB, MB àti GB la fi ń wọn àyè yìí: nǹkan bí ẹgbẹ̀rún KB ló di MB kan, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún MB ló sì di GB kan.

Ìtàn náà ní Texas

Houston níbí ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Compaq sílẹ̀ ní 1982. Kọ̀ǹpútà wọn àkọ́kọ́, Compaq Portable, dé ọjà ní 1983. Ó ṣeé gbé rìn, àmọ́ ó wúwo tó nǹkan bíi kìló 13. 320 KB péré ni floppy disk rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nígbà náà, ìyẹn tó. Super Mario Bros., tó jáde ní Japan ní 1985, jẹ́ 40 KB. Mẹ́jọ irú rẹ̀ ì bá wọ inú floppy kan.

Ní 1993, id Software, ilé iṣẹ́ kan ní Mesquite lẹ́bàá Dallas, gbé Doom jáde. MB díẹ̀ ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀. Doom tí wọ́n tún ṣe ní 2016 ń béèrè 55 GB lórí kọ̀ǹpútà. Doom: The Dark Ages, tó jáde ní 2025, ń béèrè 100 GB. Bí a bá fẹ́ kó 100 GB sórí floppy Compaq àtijọ́, a máa nílò floppy tó ju 300,000 lọ.

Kí ló fà á?

*Àwòrán.* Bí fífẹ̀ àti gíga àwòrán bá di ìlọ́po méjì, àyè tó ń gbà lè di ìlọ́po mẹ́rin. Kí ògiri, aṣọ àti ojú ènìyàn lè hàn kedere lórí tẹlifíṣọ̀n 4K, àwòrán ńláńlá ni wọ́n ń lò.

*Ohùn.* Titanfall (2014) gba 48 GB lórí kọ̀ǹpútà, 35 GB nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohùn. Wọn kò fún ohùn náà pọ̀, kí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára má baà máa ṣe wàhálà láti tú u nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́.

*Ẹ̀dà.* Hard disk àtijọ́ ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì ní ọwọ́ kékeré kan tó ń wá nǹkan kiri lórí rẹ̀. Kí wíwá náà lè yá, wọ́n á fi ẹ̀dà nǹkan kan náà sí ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tó jẹ́ kí Helldivers 2 tó nǹkan bíi 150 GB lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Nígbà tí àwọn tó ṣe é yọ ẹ̀dà wọ̀nyẹn kúrò ní 2025, ó dín sí nǹkan bíi 23 GB. Géèmù kan náà ni.

*Àfikún.* Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí Call of Duty: Modern Warfare tó jáde ní 2019, wọ́n ti ní kí àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ta á fi 175 GB sílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ṣì máa fi kún un.

Nígbà tí àyè bá kún

Bí àyè bá kún, a ní láti pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Géèmù tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sábà máa ń lè gbà á sílẹ̀ padà. Ohùn ìyá àgbà tó ń ki yín ní oríkì láti Ìbàdàn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Bẹ́ẹ̀ ohùn náà kò wúwo: wákàtí kan kò sábà ju 60 MB lọ. Àyè tí géèmù 100 GB kan gbà lè gba ju wákàtí 1,600 irú ohùn bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà ohùn àti fọ́tò ilé síbòmíràn, kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀

- *Àyè*: ibi tó ṣófo tí nǹkan lè wà. Ẹ má ṣe pè é bí *ayé*, ibi tí gbogbo wa ń gbé.
- *Gba àyè*: "Géèmù yìí gba àyè púpọ̀."
- *Kún* àti *tán*: kọ̀ǹpútà ló ń kún, àyè ló ń tán. "Kọ̀ǹpútà mi ti kún, àyè ti tán."
- *Fún pọ̀*: kí a mú nǹkan kéré kó lè gba àyè díẹ̀.
- *Pa rẹ́*: kí a mú nǹkan kúrò pátápátá.

Ẹ wo bí ọmọ àti ìyá ṣe lò ó. Ọmọ fi *ẹ* bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá sì fi *o* dá a lóhùn:

— Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àyè ti tán. Kí ni kí n pa rẹ́?
— Pa géèmù tí o ò ta mọ́ rẹ́. Má fọwọ́ kan ohùn Màmá àgbà o!