Àrùn àti Àìsàn: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Ibà Lásà láti Jos dé Àbújá

Ìfáárà

Bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ máa ń lo àrùn àti àìsàn fún ara wọn, ìyàtọ̀ wà láàrin méjèèjì. Àìsàn ni kí ara má le. Ẹni tí ó ń ṣe ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àrùn ni ohun tí ó ń ba ara jẹ́ láti inú, yálà ẹni náà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni ìmọ̀ nípa àrùn dúró. Ní 1761, Giovanni Battista Morgagni ti Padua, ní ilẹ̀ Ítálì, fi òkú yíyẹ̀wò hàn pé àrùn ní ibùjókòó nínú ẹ̀yà ara. Ní 1858, Rudolf Virchow ti Berlin tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tín-ín-tín tí ó para pọ̀ di ara, pé ibẹ̀ ni àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó wá di òpó ìmọ̀ náà: kí ni ó fa àrùn? Báwo ni ó ṣe ń gbilẹ̀? Kí ni ó ń yí padà nínú ẹ̀yà ara? Àmì wo ni ó ń fi hàn? Ní Nàìjíríà, ẹ̀mí ènìyàn lọ sí ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí nígbà tí ibà Lásà dé.

Bí ibà náà ṣe di mímọ̀

Ní oṣù kìíní 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, dùbúlẹ̀ àìsàn ní Lassa, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì kẹta, kó àrùn náà. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Ní Yunifásítì Yale, Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Casals fúnra rẹ̀ kó o. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára tí ó fi là á já. Juan Roman, òṣìṣẹ́ mìíràn ní Yale, kò là á já.

Ní Jos, Dókítà Jeanette Troup ni ó yẹ òkú Shaw wò. Nígbà tí ibà náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1970, ó fi ọ̀bẹ ṣe ara rẹ̀ léṣe níbi tí ó ti ń yẹ òkú mìíràn wò, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú tí ó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Òwe tí ikú Troup pa ni pé àìsàn a máa parí lọ́jọ́ tí olókùnrùn bá kú, ṣùgbọ́n àrùn lè wà láàyè nínú òkú.

Ìdí àti ìgbilẹ̀

Ní Sierra Leone, ní 1972, àwọn olùwádìí rí fáírọ́ọ̀sì náà lára Mastomys natalensis, irú eku kan tí ó ń gbé inú ilé àti oko. Eku náà ń gbé àrùn kiri láìṣàìsàn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tàbí ohun èlò ni ó sábà ń kó ràn ènìyàn.

Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu, imú àti ojú ọgbẹ́ ni ògiri ara ti ń lanu fún fáírọ́ọ̀sì yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ara ni ó kọ́kọ́ ń wọ̀. Ó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó sì ń bí sí i nínú wọn. Èyí lè gba tó ọjọ́ 21 kí àmì kankan tó yọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tàn dé ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Ẹ̀dọ̀ ni ó sábà ń bà jẹ́ jù. Síbẹ̀, ìbàjẹ́ tí a ń rí nínú ẹ̀dọ̀ òkú kì í sábà tó èyí tí ó lè pa ènìyàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: omi ń jò jáde, ojú ń wú, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣẹ̀, ìfúnpá sì ń já wálẹ̀.

Àmì

Nínú ènìyàn 10 tí fáírọ́ọ̀sì náà bá wọ̀ lára, nǹkan bí 8 ni kò ní mọ̀ rárá, tàbí tí ara wọn kàn ń gbóná díẹ̀. Fún àwọn yòókù, ibà, orí fífọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn ni ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ìjọra yìí léwu, nítorí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986 fi hàn pé oògùn ribavirin ń ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á kí ọjọ́ 6 àkọ́kọ́ tó pé. Ẹni tí ó bá sì yè lè di adití.

Àbújá àti ìṣọ́ àrùn

Ní 1969, òkè òkun ni ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní láti lọ kí àrùn tó ní orúkọ. Àbújá kò tíì di olú-ìlú. 1976 ni òfin tí ó dá a sílẹ̀ jáde. Àjọ tí ó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, NCDC, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá ní 2011, gba agbára òfin ní 2018, ọdún tí àyẹ̀wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ibà Lásà mú ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Ilé-àyẹ̀wò rẹ̀ wà ní Gaduwa, ní Àbújá. Irrua àti Ọ̀wọ̀ náà ń ṣe àyẹ̀wò yìí.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé-àyẹ̀wò kò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò gbé wá wò. Àìsàn ni olókùnrùn ń gbé wá sí ilé-ìwòsàn. Àrùn ni oníṣègùn gbọ́dọ̀ wá. Nílé, kí oúnjẹ wà lábẹ́ ìdérí. Òkú wíwẹ̀, tí í ṣe ìkẹyìn ìtọ́jú tí Yorùbá ń ṣe fún ẹni wọn, gba ìṣọ́ra níbi tí ibà yìí bá ti ṣẹlẹ̀: kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bójú tó o, nítorí òkú kò lè wí ohun tí ó wà lára òun.