Kí Ló Dé Tí Géèmù Orí Kọ̀ǹpútà Fi Máa Ń Gba Ọ́pídéètì Ṣáájú Ti PlayStation, Xbox àti Switch?

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gba ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọlé bá mi níbi tí mo ti ń tẹ ìròyìn lọ́wọ́. Ó fajú ro. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ."

Mo bi í pé ta ló rẹ́ ẹ jẹ. Àlàyé tó ṣe nìyí: òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ra géèmù kan náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra tiẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tèmi ra tiẹ̀ sórí Switch àlòkù tí mo rà fún un. Owó Kérésì àti èyí tí ìyá mi fún un ló kó jọ tó fi rà á. Ṣùgbọ́n ọ́pídéètì tuntun ti dé sórí ti kọ̀ǹpútà: ibi tuntun, èèyàn tuntun, iṣẹ́ tuntun. Ti Switch ṣì wà bó ṣe wà. Ó ní, "Owó tèmi tún ju tiẹ̀ lọ, Dádì."

Mo kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Mo wá pe àbúrò kan tó ń kọ kóòdù jẹun ní Ìbàdàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó rẹ́ ọmọ yẹn jẹ o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ wádìí ẹ̀, ẹ máa rí i."

Mo wádìí ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òbí tí irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí kò ní kéré.

Kí là ń pè ní géèmù indie?

Géèmù indie ni èyí tí ẹnì kan, tàbí àwọn èèyàn díẹ̀, dá ṣe fúnra wọn, tí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń náwó sí i lẹ́yìn wọn. Stardew Valley, eré oko tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀, wà lára wọn. Eric Barone, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá a ṣe. Òun ló kọ kóòdù ẹ̀, òun ló ya àwòrán ẹ̀, òun náà ló ṣe orin inú ẹ̀. Ó lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀ kó tó jáde sórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2016. Ìparí ọdún yẹn ló tó dé sórí PlayStation 4 àti Xbox One. Oṣù kẹwàá ọdún 2017 ló tó dé sórí Switch.

Bó ṣe rí fún eré fúnra ẹ̀ náà ló ṣe ń rí fún ọ́pídéètì ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ wọ̀nyí:

• Stardew Valley 1.5: ó dé sórí kọ̀ǹpútà ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ó dé sórí àwọn ẹ̀rọ géèmù ní oṣù kejì ọdún 2021.

• Stardew Valley 1.6: kọ̀ǹpútà gbà á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn ẹ̀rọ géèmù àti fóònù gbà á ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ó lé ní oṣù méje.

• Terraria 1.4, tí àwọn Re-Logic ní Indiana, Amẹ́ríkà, ṣe: kọ̀ǹpútà gbà á ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. PlayStation 4 àti Xbox One gbà á ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ti Switch di oṣù kìíní ọdún 2022.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi kì í ṣe tuntun. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń fà á.

Ìdí kìíní: ẹnu ọ̀nà tó lólùṣọ́

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta aṣọ níwájú ilé ara ẹ̀. Bí ọjà tuntun bá dé láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti pàtẹ ẹ̀. Kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo ìyá kejì tó gba ṣọ́ọ̀bù nínú plásà olówó ńlá. Gbogbo ẹrù tó bá fẹ́ kó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u wò ní géètì. Bí ohun kan ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kó gbé e padà.

Kọ̀ǹpútà ni iwájú ilé. Orí Steam, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Valve, ni ọ̀pọ̀ géèmù indie wà. Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni ẹni tó fẹ́ gbé géèmù kan síbẹ̀ máa san. Wọ́n á yẹ eré náà wò nígbà àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bó bá rí àṣìṣe láago mẹ́wàá àárọ̀, ó lè tún un ṣe, kó gbé e síta kó tó di alẹ́.

PlayStation, Xbox àti Switch ni plásà. Sony, Microsoft àti Nintendo ló ni wọ́n, kálukú ló sì ní òfin tiẹ̀. TRC ni Sony ń pe ìwé òfin tiẹ̀, XR ni Microsoft ń pe tiẹ̀, Lotcheck ni orúkọ àyẹ̀wò ti Nintendo. Kì í ṣe bí eré ṣe dùn tó ni wọ́n ń yẹ̀ wò o. Ohun tí wọ́n ń bi ni pé: bí bátìrì páàdì bá kú láàrin eré, ṣé eré á dúró, ṣé á sọ fún ọmọ pé páàdì ti já? Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ síbi orun tí wọ́n tún jí i, ṣé eré á máa lọ níbi tó dé? Ṣé ibi tí ọmọ bá a dé ò ní sọnù? Ṣé orúkọ tí wọ́n pe bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bá ti orí páàdì mu?

Bí eré bá kùnà nínú ọ̀kan, wọ́n á dá a padà. Ẹni tó ṣe é á tún un ṣe, á sì tún padà sẹ́yìn ìlà. Àyẹ̀wò kan lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ wá sọ ọ́ di mẹ́ta. Bí ẹni tó ṣe eré bá tún fẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ́jọ́ kan náà, á dúró de èyí tó pẹ́ jù.

Ìdí kejì: ẹ̀rọ kan ò gbọ́ èdè èkejì

Èyí ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn ń da eré láti ibì kan sí ibòmíràn ni, bí ìgbà tí èèyàn ń da orin sínú fóònù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Minecraft. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Java ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sórí Xbox 360, àwọn 4J Studios ní Scotland ní láti fi èdè mìíràn, C++, tún un kọ. Nígbà tí ti Xbox jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ibi tí ti kọ̀ǹpútà wà nígbà tó ṣì jẹ́ Beta 1.6.6 ní 2011 ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lé e láti ìgbà náà. Ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ tó ni Minecraft tó wá ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń jọ lo ẹ̀dà kan náà.

Stardew Valley náà ní irú ìṣòro yìí. XNA, irinṣẹ́ Microsoft, ni Barone fi bẹ̀rẹ̀. Windows àti Xbox 360 wà lára ohun tí XNA wà fún. Kò mọ PlayStation, kò mọ Nintendo. Ẹlòmíràn ló máa bá a gbé eré náà kọjá sí ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù fún àwọn ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní tú àṣírí, kó tó lè rí ẹ̀rọ àkànṣe tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò gbà. Godot, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń ṣe géèmù, kò lè fi kóòdù àwọn ẹ̀rọ yẹn sínú ara ẹ̀, torí gbangba ni kóòdù tiẹ̀ wà, tàwọn yẹn sì jẹ́ àṣírí. Ẹni tó bá lò ó máa wá ẹni tí yóò bá a gbé e kọjá, owó sì ni.

Agbára ẹ̀rọ náà ò dọ́gba. RAM 4GB ni Switch àkọ́kọ́ ti 2017 ní. Ohun tuntun tí kọ̀ǹpútà gbé láìmí, ó lè jẹ́ kí Switch máa wọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n á ní láti dín in kù, kí wọ́n tún un tò.

Ìdí kẹta: ọwọ́ ò pọ̀

Ilé iṣẹ́ ńlá lè ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dán géèmù wò lọ. Ẹni tó ń dá ṣe é ò nírú ẹ̀. Àwọn tó ra ti kọ̀ǹpútà ló máa ń bá a rí àṣìṣe. Nígbà tí Stardew Valley 1.6 jáde, 1.6.1, 1.6.2 àti 1.6.3 ti tẹ̀ lé e kí oṣù kẹta yẹn tó parí. Bó bá jẹ́ pé ó ti gbé ti àkọ́kọ́ lọ sí géètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà mẹ́ta mìíràn ló máa tún padà lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí ti kọ̀ǹpútà fìdí múlẹ̀ ná.

Ìgbà tí owó dá sí i

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fez ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Polytron, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Montreal, Kánádà, ló ṣe é, ó sì jáde sórí Xbox 360 ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Wọ́n gbé àtúnṣe kan jáde, àmọ́ ó ba fáìlì àwọn kan jẹ́: ibi tí wọ́n bá eré dé kò ṣí mọ́. Wọ́n dá àtúnṣe náà dúró. Ní oṣù keje, Polytron ní àwọn ò ní ṣe òmíràn, àtúnṣe tó ní àléébù yẹn náà ló máa padà síta. Kí ló fà á? Wọ́n ní Microsoft á gba ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là lọ́wọ́ àwọn láti tún un yẹ̀ wò, àti pé àwọn tí fáìlì wọn bàjẹ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ká ní orí Steam ni, àwọn ò bá ti tún un ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ méjì láìná kọ́bọ̀.

Ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 2013, Microsoft fòpin sí owó tí wọ́n ń gbà lórí àtúnṣe. Owó géètì dín, ṣùgbọ́n géètì ò kúrò.

Ṣé géètì yẹn ò wúlò ni?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Géètì yẹn náà ló ń dáàbò bo ọmọ wa. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lè padà sí ẹ̀dà àtijọ́ nígbà mìíràn bí tuntun bá bàjẹ́, torí Steam fún ẹni tó ṣe eré láyè láti fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń lo Switch kò nírú àǹfààní yẹn. Ohun tó bá wọlé ti wọlé. Bí oko tí ọmọ ti fi oṣù mẹ́fà ro bá sọnù, ta ló máa bá a ro ó padà? Ó sàn kó pẹ́ kó tó dé ju kó dé kó sì ba ilé jẹ́. Àmọ́ àyẹ̀wò ò rí gbogbo nǹkan o. Àṣìṣe ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ibi tí inú ti bí mi ni pé owó kan náà ni ọmọ ń san, nígbà mìíràn owó tiẹ̀ tilẹ̀ ń ju ti ẹnìkejì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó san án. Mi ò bínú sí ẹnì kan tó ń dá ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju gbólóhùn kan lọ lójú ìwé ìtajà: ẹ̀dà báyìí ló wà lórí ẹ̀rọ yìí lónìí.

Kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ tí ọmọ yín ní. Ẹ má wo fídíò tí wọ́n fi ti kọ̀ǹpútà ṣe kí ẹ rò pé ohun tí ẹ máa rí nìyẹn.

2. Bí ọmọ bá fẹ́ máa bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣeré, ẹ bi í pé ẹ̀rọ wo ni ọ̀rẹ́ yẹn ń lò. Stardew Valley orí kọ̀ǹpútà àti ti Switch ò lè jọ pàdé.

3. Bí kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀ bá wà nílé, tó sì jẹ́ pé géèmù indie ni ọmọ fẹ́, kọ̀ǹpútà náà ló máa kọ́kọ́ rí nǹkan tuntun.

4. Ẹ fi dátà sílẹ̀ fún ọ́pídéètì. Bó bá pẹ́ tó bá dé, ó lè wúwo.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọmọ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Dádì, ṣé ó máa dé ṣáá?" Mo ní ó máa dé, mi ò kàn mọ oṣù tó máa dé ni. Ó ní kò burú, òun á máa ro oko òun lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti bi í léèrè ọ̀nà tó gbà kó owó púpọ̀ jọ nínú eré, torí òun ti sáré wọ ibi tuntun, gbèsè sì ti wọ òun lọ́rùn níbẹ̀.