Àkàrà ní Ilẹ̀ Àjèjì

Bí ènìyàn bá ṣí kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀, ó lè pa aṣọ dà láàrin ọjọ́ kan, ó sì lè gbọ́ èdè àwọn tí ó bá níbẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í tètè gbàgbé oúnjẹ tí a fi tọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ipasẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ayé àtijọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ìwé ìjọba tán, kí ó yọjú sí ilé ìdáná pẹ̀lú. Àwọn tí a ó sọ ìtàn wọn yìí kò fi ìfẹ́ inú wọn kúrò nílé. Ogun ni ó kó wọn, ọjà ẹrú ni ó sì tú wọn ká.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Sàró. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ogun wọn ti ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan, àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn. Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther níkẹyìn, jẹ́ ọ̀kan: a kó o ní Òṣoògùn ní 1821, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822. Nítorí pé ‘ẹ kú’ ni ó ń ṣáájú ìkíni wọn, Akú ni àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n. Bí wọ́n ti rí ilẹ̀ gbé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé oúnjẹ ilé ka iná. Títí di òní, nínú èdè Krio tí a ń sọ níbẹ̀, àkàrà ń jẹ́ akara, ọ̀gì ń jẹ́ ogi, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń jẹ́ olele. Àsè tí wọ́n ń sè ní ìrántí òkú ń jẹ́ awujoh, èyí tí í ṣe àwùjọ tiwa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́; síbẹ̀, bí ebi bá ń pa wọ́n, Yorùbá ni wọ́n fi ń bèèrè oúnjẹ.

Ti Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, le ju èyí lọ, nítorí pé ẹrú kì í yan ohun tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n igi ọ̀pẹ, ẹ̀wà àti ilá ti ré òkun kọjá láti ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n sì hù níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni ọwọ́ tí yóò sè wọ́n. Àwọn obìnrin ni ó ní ọwọ́ náà. Ní ìlú Salvador, àwọn olówó ẹrú a máa rán wọn lọ kiri ọjà ní ìgboro. Iye kan ni wọn yóò san fún olówó wọn, ohun tí ó bá lé sì di tiwọn. Owó kékeré yìí ni àwọn mìíràn fi pamọ́ títí tí wọ́n fi ra ara wọn padà. Ẹ wo bí oúnjẹ tí a fi ń rántí ilé ti di ohun tí a fi ń ra òmìnira!

Nàgó ni a ń pe àwọn Yorùbá ní Bahia. Àkàrà wọn kò yàtọ̀ sí tiwa: wọn a bó ẹ̀wà, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọn a sì dín in nínú epo pupa. Acarajé ni orúkọ rẹ̀, èyí tí a sọ pé ó wá láti inú ‘àkàrà’ àti ‘jẹ’. Ẹ̀wà lílọ̀ kan náà tí a bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, tí a sì sè, ni wọ́n ń pè ní abará. Ojú lásán ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Acaçá wọn, tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, kò jìnnà sí ẹ̀kọ wa. Manuel Querino, adúláwọ̀ ọmọ Bahia tí ó kú ní 1923, kọ ìwé lórí oúnjẹ wọ̀nyí, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1928.

Ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ àgbàdo yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ata. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn wọ́n kí Òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ìyá Nàgó ń ro ẹ̀kọ ní Bahia, ohun tí ó kà sí oúnjẹ ilé baba rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò kan náà rí, ó sì ń padà sí ilẹ̀ tí ó ti hù. Ohun tí a ń pè ní oúnjẹ ilé ni èyí tí ọwọ́ ìyá ti sọ di ti ilé.

Àwọn Àgùdà tún fi èyí hàn wá. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí adúláwọ̀ dì ní Salvador ní 1835, a lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fúnra wọn kó ẹrù wọn. Púpọ̀ padà wá sí Èkó àti àwọn ìlú etíkun mìíràn. Ẹnì kan ìbá rò pé, níwọ̀n bí wọ́n ti dé ilé, àárò oúnjẹ ti tán. Rárá o! Àárò Bahia ni ó tún mú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀wà lílọ̀ pẹ̀lú omi àgbọn, wọ́n ń pè é ní frejon, láti inú orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. A sì ń jẹ ẹ́ ní Èkó títí di òní ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja.

Òwò ẹrú parí ní Bràsíl ní 1850, oko ẹrú fúnra rẹ̀ sì dópin ní 13 May 1888. Ní 2004, ìjọba Bràsíl fi ọwọ́ sí i pé iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia jẹ́ ogún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kò tán. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà lọ́dọ̀ àwọn tí ń bọ òrìṣà níbẹ̀. Nítorí èyí, àwọn alákàrà kan tí wọ́n di onígbàgbọ́ pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n ń pè é ní àkàrà Jésù. Olúkúlùkù ni ó ni ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀, a kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé nígbà tí a gba orúkọ, èdè àti òmìnira lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí, orúkọ àkàrà wà lára ohun díẹ̀ tí a kò rí gbà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹni tí ó bá wù kí ó jẹ ẹ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Kí ó ṣáà mọ ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ dín in, àti iye tí wọ́n fi rà á.