Àwọn Ẹranko Ara Wúrà àti Ìwọ̀n Idẹ Àṣántì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń tajà ní Kumasi mọ̀ pé ìwọ̀n ló ń mú oníbàárà padà wá. Kí owó irin àti owó bébà tó gbilẹ̀ níhìn-ín, lẹ́búlẹ́bú wúrà ni àwọn Akan fi ń ná ọjà. Oníṣòwò a ní òṣùwọ̀n kékeré, ṣíbí, àti àwọn ìwọ̀n idẹ tí wọ́n ń pè ní abrammuo. Ilà àti igun nìkan ló wà lára àwọn kan. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹranko: ọ̀nì, ejò, ẹja, àkeekèé, ẹyẹ Sankofa tó yíjú wẹ̀yìn.

Òwe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nì méjì tó ní ikùn kan ṣoṣo ń jà nítorí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni oúnjẹ ọ̀hún ń lọ. (Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé wa nígbà tí owó bá délẹ̀ yóò mọ àwọn ọ̀nì náà.) Òòrẹ̀, kotoko, ni àmì ilẹ̀ Àṣántì, nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀ dà bí ọmọ ogun tí kì í tán. Lára idà Mponponsuo, paramọ́lẹ̀ wúrà gbé ẹyẹ àtíòro sẹ́nu: ejò tó ń wọ́ nílẹ̀ rí ẹyẹ ojú ọ̀run mú.

Ìda oyin ni wọ́n fi ń mọ ẹranko náà. Wọ́n á fi amọ̀ àti èédú bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á wá da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò gan-an tàbí ọwọ́ akàn ni wọ́n á fi amọ̀ bò. Iná á sọ ọ́ di eérú. Ọ̀nà ìda yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ wa pé òyìnbó ló kọ́ wa.

Bowdich, ará Gẹ̀ẹ́sì tó dé Kumasi ní 1817, rí orí àgbò wúrà tó tóbi tó ti gidi lára idà. Ní oṣù kejì ọdún 1874, lásìkò Asantehene Kofi Karikari, ọmọ ogun Wolseley kó ẹrù ààfin, wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì tún bu ìtanràn 50,000 áúnsì wúrà lé wọn lórí.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Fowler Museum ní Amẹ́ríkà dá ohun 7 padà pátápátá, ìrùkẹ̀rẹ̀ ìrù erin wà nínú wọn. British Museum àti Victoria and Albert Museum kó 32 wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Manhyia lọ́dún kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n yá wọn ni, fún ọdún mẹ́ta. Àwa oníṣòwò mọ ìyàtọ̀ láàárín yíyá àti dídá padà. Àwọn bàbá wa tí àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 fún ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò mọ bí ẹrù ẹni ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní 1889, òfin Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí fífi lẹ́búlẹ́bú wúrà náwó ní Gold Coast. Púpọ̀ nínú ìwọ̀n tó wà lórí àtẹ lónìí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣe é. Ní Krofofrom, nítòsí ìlú yìí, wọ́n ń rọ tuntun, ó sì dára. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá ń tà á fún àlejò, kó sọ pé tuntun ni.