Láti Ọwọ́ Olùkọ́ Ni Tíátà Wa Ti Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti pẹ́ nínú mi.

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìtòkín bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, yóò kọjá ní Ìbẹ̀fun. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Ọdún tí a máa ṣe ìdánwò àṣekágbá, eré-onítàn tí wọ́n yàn fún wa ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Olùkọ́ wa a kọ àhunpọ̀ ìtàn, ibùdó ìtàn àti àwọn ẹ̀dá-ìtàn sí ara pátákó, àwa náà a dà á kọ sínú ìwé. Odidi ọdún kan ni a fi ka eré láìrí i kí ẹnikẹ́ni dìde láti ṣe é. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a parí, olùkọ́ náà ní kí a mú ìran kan ṣe níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin kan nínú wa ṣe Ìtáwuyì, ẹrú tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ nítorí Adétutù. Nígbà tí ó ń sunkún, àwọn obìnrin tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà ń nu ojú. Ìran kejì kò wáyé. Àwọn aláṣẹ ní eré ṣíṣe ń jẹ àkókò ìwé kíkà.

Èyí ni ó mú mi máa wádìí bí eré ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé ni ilé-ẹ̀kọ́ eré. Alárìnjó ti inú eégún jáde, ọmọ sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀: ìjó, ẹsà pípè, idán pípa, bí a ti ń pààrọ̀ ẹ̀kú lójú agbo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì fi ọ̀rọ̀ àwọn alárìnjó yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú, Agẹmọ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọ awo kì í kọ́ ọ, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí i. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, tí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti CMS bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1859, eré bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìwé rìn. Kọ́ńsáàtì ni wọ́n ń pè é: orin, ewì, àti eré kékeré lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń ṣe é, olùkọ́ sì ni ó sábà máa ń darí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Hubert Ògúndé, tí a bí ní Òṣósà ní 1916, olùkọ́ ni kí ó tó di ọlọ́pàá. Òṣósà kò jìnnà sí Ìbẹ̀fun. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ìjọ Olúwa ní Èkó ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ní 1944. Ní ọdún kejì, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà, olùkọ́ ni. Dúró Ládiípọ̀ pẹ̀lú, olùkọ́ ni. Àwọn mẹ́ta yìí tí a ń pè ní baba tíátà Yorùbá, kò sí ẹni tí kò fi ẹfun kọ̀wé sí ara pátákó rí. Ẹni tí ó ti kó ogójì ọmọ jọ, tí ó kọ́ wọn lórin, tí ó sì mú kí wọ́n dákẹ́, ti mọ ìdajì iṣẹ́ adarí eré.

Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kò tètè mọ̀ wọ́n. Ní 1962, pẹ̀lú owó Rockefeller Foundation, Ìbàdàn dá ilé-ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀, Geoffrey Axworthy sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún: wọ́n pe Ògúnmọ́lá wá fún oṣù mẹ́fà, kí ó wá kọ́ wọn, kí ó sì wá kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Èso rẹ̀ ni Lánkẹ́ Ọ̀mu, tí ó ti inú ìwé Amos Tutùọlá jáde, tí wọ́n ṣe ní 1963. Demas Nwoko ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Ọkùnrin kan tí kò ní oyè yunifásítì sì di ẹni tí àwọn olóyè ń wò kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1964 kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ eré ní Ìbàdàn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí Yorùbá Ronú. A kì í fòfin de ohun tí kò ní agbára.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ tíátà ti tàn kálẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú níhìn-ín, yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ń kọ́ni ní eré ṣíṣe. Ní Ìjàgún, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí ó di Yunifásítì Táí Ṣólàárín ní 2005 ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ wa. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìtàgé, ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ní ju pátákó lọ. Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ kọ Ẹfúnṣetán nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, èdè Faransé sì ni ó ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe tíátà. Eré tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fún ojú agbo ni àwa sọ di àkọsórí.

Nígbà tí èsì ìdánwò wa jáde, mo yege nínú Yorùbá dáadáa, nítorí pé mo mọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ojú ìwé tí wọ́n wà. Ọmọkùnrin tí ó ṣe Ìtáwuyì kò yege. Kò sí ìbéèrè kan nínú ìwé ìdánwò náà tí ó béèrè ohun tí ó mọ̀. Ó di awakọ̀ lójú ọ̀nà Ìtòkín. Ìgbà tí mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ìran Adétutù ni ó ń sọ fún àwọn èrò láti orí dé ìparí, ó sì ń sọ ohùn obìnrin, ohùn ẹrú àti ohùn Ìyálóde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí èrò tí ó béèrè ìgbà tí a máa dé.