Láti Igbobi dé Ìkẹjà: Àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo aláìsàn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní ara òun kò yá, gbogbo wa mọ̀ pé àìsàn ló ń sọ. Ohun tó ń mú kí ara yá ni ìdárayá. Ìwòsàn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ a fi "eré" síwájú rẹ̀, "eré" yìí ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ nílé pé òun fẹ́ gba Masters nínú exercise physiology, ohun tí màmá rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé eré náà lo tún fẹ́ lọ kọ́ sí i ni?" Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Human Kinetics mọ ìbéèrè yìí dáadáa.

Ogun ló gbé iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ padà dé, àwọn kan kò lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Igbobi ni wọ́n ti tọ́jú wọn, ibẹ̀ ló sì di ọsibítù eegun ní 1945. Àwọn fisió tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan ń tẹ̀lé ara wọn: ẹgbẹ́ àwọn fisió Nàìjíríà dúró ní 1959, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ digirí rẹ̀ ní 1966, Unilag àti Ifẹ̀ tẹ̀lé e láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ní 1988, ìjọba ológun ṣe òfin tó dá Medical Rehabilitation Therapists Board sílẹ̀, fisió sì ní ìwé orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ kíyè sí i pé eegun àti iṣan ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkàn kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi Igbobi o. Láyé ìgbà yẹn, níbi gbogbo lágbàáyé, ẹni tí àrùn ọkàn bá kọ lù, ńṣe ni dókítà máa ní kó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmira. Ní 1952, Levine àti Lown ní Boston sọ pé ó sàn kí wọ́n gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jókòó sórí àga. Àga lásán! Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà le lójú àwọn dókítà ẹgbẹ́ wọn.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwa fẹ́ràn jù jáde. Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí nǹkan bí 31,000 ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Dẹ́rẹ́bà jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbowó. Ìlú kan náà, iléeṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àrùn ọkàn tó ń bá kọ́ńdọ́ jà kéré sí ti dẹ́rẹ́bà, kì í sì í tètè pa wọ́n bó ṣe ń pa dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó bá ti wọ mólúè rí, tó rí bí kọ́ńdọ́ ṣe ń fi ara gba àárín èrò kọjá, máa lóye ọ̀rọ̀ Morris láìka ìwé.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Ìkẹjà ń yí padà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló wà nígbà náà. Ní 1955, ìjọba yẹn dá ọsibítù kékeré kan sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì la ilẹ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ ní tòsí. Ọsibítù kékeré náà di General Hospital, ó sì di LASUTH ní 2001, ní Ọba Akinjobi Way, nínú GRA gan-an. Àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ bímọ, ọmọ wọn ń jókòó sí ọ́fíìsì, ó sì tún ń jókòó nínú gosíló láti Agége. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ wá di àìsàn tí gbogbo ilé mọ̀.

Ní ìdájí, ẹ máa rí àwọn tó ń sáré ní Isaac John. Ara wọ́n le. Ẹni tí ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fún un lóògùn, ẹbí ní kó máa sinmi, ẹ̀rù ń bà á láti gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ta ló máa sọ fún un bó ṣe máa rìn jìnnà tó, bó ṣe máa yára tó, àti àmì tó máa rí kó tó dúró? Iṣẹ́ onímọ̀ yìí nìyẹn: kó wọn agbára ọkàn bí èèyàn ti ń rìn, kó sì kọ ìdárayá fún un bí ìgbà tí dókítà ń kọ oògùn, pẹ̀lú ìwọ̀n. Kì í fìgbà gbogbo gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ọ̀kan nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò káàkiri ayé kò ju kí aláìsàn fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀ tó gùn tó mítà 30.

Ibi tí ọ̀nà ti wọ́ ni pé ilé méjì ló pín ìmọ̀ náà mọ́wọ́. Fisió wà ní ẹ̀ka ìṣègùn, ó mọ wọ́ọ̀dù, ó sì lè lọ síwájú nínú ìtọ́jú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Human Kinetics wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, torí pé olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi dá lẹ́kọ̀ọ́. Ó mọ ìdárayá délẹ̀délẹ̀, àmọ́ kì í sábà rí aláìsàn. Lójú tiwa, ilé méjèèjì ló ń pàdánù.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní Human Kinetics tó ń wo òkè òkun, kó fọkàn sí i pé ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí ACSM kò dá lórí digirí nìkan: wọ́n ń ka wákàtí tí èèyàn fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú aláìsàn. Kó wá ibi tó ti máa ṣe irú wákàtí bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tó sì fẹ́ dúró sílé, kó lọ bi Board léèrè orúkọ tó máa fi wọ ọsibítù kó tó san owó fọ́ọ̀mù Masters.